Ìbò Tó Pín Agbo Ilé Wa

Láti ọdún 1964 títí ọlọ́jọ́ fi dé bá bàbá mi ní 1979, wọn kò bá àbúrò wọn tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Inú agbo ilé kan ni wọ́n kọ́lé sí, ògiri kan ṣoṣo ló la àárín àwọn méjèèjì. Wọn kò jà sí ilẹ̀, wọn kò jà sí ogún, obìnrin kò dá wọn sílẹ̀. Òṣèlú ló tú wọn ká. Àwọn méjèèjì ti di ará ọ̀run, ìyá mi náà ti tẹ̀lé wọn, èmi náà sì ti dàgbà kọjá ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tí ará ilé máa wí. Mo fẹ́ jẹ́rìí ohun tí ojú mi rí, títí kan ohun tí ìyá mi ṣe ní òru ọjọ́ kan, tí bàbá mi kò mọ̀ títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀ lọ.

Ohun tó ń lé mi sí i ni ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n ní àìsàn Nàìjíríà kò ju pé òyìnbó so àwọn tí kò mọ ara wọn rí pọ̀ ní 1914. Wọ́n ní ọjọ́ tí Yorùbá bá dá dúró ni wàhálà máa tán. Mi ò bínú sí wọn. Ohun tó ń dùn wọ́n ń dun èmi náà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbé rí nínú Ìwọ̀-Oòrùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, àwọn Ẹ̀dó, Úróbò àti àwọn aládùúgbò wọn kúrò lára wa, wọ́n di agbègbè tiwọn, Mid-West, lẹ́yìn tí wọ́n ti dìbò lé e lórí. Àwa tó ṣẹ́kù ń sọ èdè kan, a ń ki oríkì ara wa, a ń fẹ́ ọmọ ara wa. Kò ju bí ọdún méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi ń da bẹntiróòlù sí ara wa lára.

Ìlú wa wà ní agbègbè Ọ̀ṣun, ìlú oníkòkó. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí a na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí a fi kan etí òsì. Ọwọ́ mi kàn án. Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó pé ẹgbẹ́ tó mú ọmọbìnrin àgbẹ̀ wọ ilé-ìwé láìgba kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn nìyẹn títí láé. Bàbá Kékeré ní tiwọn kàwé dé Sítáńdáàdì Síìsì, wọ́n ń ṣe akọ̀wé ní káńsù. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń di gègé mú, àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ lẹ́tà kó dúró gbọọrọ lórí ìlà. Nígbà náà, Ọlọ́pẹ, ìyẹn ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ni gbogbo agbo ilé. Bí ìbò bá dé, ìyá mi àti ìyàwó Bàbá Kékeré á jọ gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n á jọ dáná fún èrò ìpàdé.

Àwọn àgbà wa kò kórìíra ará Àríwá tàbí ará Ìlà-Oòrùn nígbà yẹn. Obì gbàǹja ilẹ̀ wa ń lọ sí Kánò, màlúù ń ti òkè ọ̀hún bọ̀. Bí wọ́n ṣe to orílẹ̀-èdè náà ni kò gún. Agbègbè mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀: NPC ti Ahmadu Bello, Sàdáúnà Ṣókótó, ní Àríwá, NCNC ti Dókítà Azikiwe ní Ìlà-Oòrùn, Action Group, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, lọ́dọ̀ wa. Nínú àga 312 tó wà nílé aṣòfin àpapọ̀ ní ìbò ọdún 1959, 174 jẹ́ ti Àríwá nìkan. Ẹni tó bá kó gbogbo Àríwá kò nílò ẹlòmíràn. Iye ènìyàn ni wọ́n fi pín àga náà, ìdí nìyẹn tí ìkànìyàn fi di ìjà: wọ́n ka ènìyàn ní 1962, wọ́n dà á nù; wọ́n tún un kà ní 1963, wọ́n ní a lé ní mílíọ̀nù 55, àríyànjiyàn kò sì tán síbẹ̀. Òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́rin o.

Ibí yìí ni àwọn aṣáájú wa ti yà. Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà sílẹ̀ ní 1959, ó lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá bọ́ sípò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ máa wá alátìlẹ́yìn káàkiri Nàìjíríà, pàápàá láàárín àwọn ẹ̀yà kéékèèké, kí ó lè gba ìjọba àpapọ̀. Akíntọ́lá ní kí a fi Àríwá sílẹ̀ fún ará Àríwá, kí a bá àwọn tó ń ṣèjọba rẹ́, kí Yorùbá má baà máa jẹ àjẹkù. Títí di òní, mi ò lè sọ pé ọ̀kan nínú èrò méjèèjì jẹ́ ti òmùgọ̀. Ohun tí àgbà ilé lè fi ìjókòó kan parí ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpérò ẹgbẹ́ náà ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kejì ọdún 1962, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó mọ́. Ẹgbẹ́ ní àwọn yọ Akíntọ́lá. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, fi Alhaji Dauda Adégbénró sípò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun kò lọ ibì kankan. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn nínú Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ó fẹ́ fi lu Olórí Ilé, ọ̀pá náà kán. Tajútajú ni ọlọ́pàá fi lé wọn jáde. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso wa títí ọdún fi parí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó tẹ̀lé e, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìlà tí wọ́n kọ́kọ́ fà sáàárín Àríwá àti Gúúsù ni wọ́n tún wá fà sáàárín ọmọ Yorùbá. Ìkẹ́nnẹ́ lápá Ìjẹ̀bú ni Awólọ́wọ̀ ti wá, Ògbómọ̀ṣọ́ lápá Ọ̀yọ́ ni Akíntọ́lá. Kíá, ọ̀rọ̀ di ti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ogun Kírìjì, tí Yorùbá bá ara wọn jà láyé àwọn baba ńlá wa, bí ẹni pé àná ló parí. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní London láti 1945 kò gba gbogbo wa mọ́, àwọn kan dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin sílẹ̀ láti bá a figagbága. Ní 1964, Akíntọ́lá dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Dẹ́mọ. Àwọn ọba pàápàá kò bọ́: owó oṣù Ọdẹ́mọ Ìṣarà, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Awólọ́wọ̀, di kọ́bọ̀ kan. Kí n má sì ṣojúsàájú, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí bàbá mi fẹ́ràn ló wà lórí àlééfà nígbà tí wọ́n yọ Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì lórí oyè ní 1955. Wọ́n ti la ọ̀nà náà kí Dẹ́mọ tó gbà á kọjá.

Ní ìlú wa, ogun Kírìjì kọ́ ló fọ́ agbo ilé. Oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ jáde pé òṣìṣẹ́ káńsù tí kò bá gba káàdì Dẹ́mọ, kó lọ máa roko. Ọmọ mẹ́fà ni Bàbá Kékeré ń bọ́. Wọ́n gba káàdì náà, wọ́n sì wá sọ fún bàbá mi fúnra wọn, lọ́sàn-án gangan. Mo wà níbẹ̀, mo ń da kòkó tí a sá síta. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ní oko. Gègé ni oko tèmi." Bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ohun tí ojú kò lè gbà. Ó lè tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé owó orí dé. Ìgbìmọ̀ kan ní káńsù ló ń díwọ̀n ohun tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa san, ìgbìmọ̀ náà sì mọ gbogbo ẹni tó ṣì ń ṣe Ọlọ́pẹ. Iye tí wọ́n kọ fún bàbá mi ju ìlọ́po méjì ti èṣí lọ, bẹ́ẹ̀ oko wọn kò fi ẹsẹ̀ kan fẹ̀ sí i. Ará àdúgbò kan tí oko rẹ̀ tóbi ju tiwọn, tó ti gba káàdì, kò san tó ìdajì rẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé náà sí wọn létí. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo mọ ọwọ́ náà. Ọwọ́ ẹni tó kọ́ mi ní ìwé kíkọ ni. Mo sọ fún wọn. Bàbá mi ká ìwé náà, wọ́n fi sábẹ́ fìlà, wọn kò sì pe orúkọ àbúrò wọn mọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Bàbá Kékeré kọ́ ló díwọ̀n owó náà. Akọ̀wé ni wọ́n, ohun tí ìgbìmọ̀ pè ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́. Bí òṣèlú ṣe ń pín orílẹ̀-èdè nìyẹn, mo fi ojú ara mi rí i: wọn kì í rán àjèjì síni, ọmọ ìyá ẹni ni wọ́n ń fún ní gègé, tí wọ́n á sì fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó tó kọ̀.

Nígbà tí owó náà kò pé, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wá mú bàbá mi, wọ́n sun àtìmọ́lé. Aṣọ òkè tí ìyá mi wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n tà, wọ́n fi san ìyókù. Láti ìgbà náà ni agbo ilé ti ya ìkòkò. Ìyá mi ni ìyálé. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó Bàbá Kékeré kì í sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá mi tọ́ ọ wò. Nígbà tó yá, ọ̀kan ń pọnmi láàárọ̀, èkejì ń pọnmi nírọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà pàdé lódò. Àwọn ọmọ tí a jọ ń jẹ nínú àwo kan, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a má bá wọn ṣeré òṣùpá.

Ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ènìyàn wa ti mú sùúrù dé ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ìbò ni àwọn yóò fi fèsì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, òṣìṣẹ́ tó yẹ kó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ olùdíje alátakò sá pamọ́, wọ́n sì kéde pé ẹni Dẹ́mọ kò ní alátakò. Níbi tí a ti dìbò, èsì tí wọ́n kà lójú wa kọ́ ni rédíò sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá sí ará ìlú fẹ́ jáde lórí rédíò, ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, ohùn mìíràn ló jáde. Wọ́n mú òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká lórí ẹ̀sùn náà, adájọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Lẹ́yìn ìbò náà ni ìjọba tún gé iye tí wọ́n fi ń ra kòkó. Bàbá mi ní ìbò àwọn ti lọ, owó kòkó àwọn náà ti bá a lọ. Ní Muṣin, ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Oǹdó, iná ń sọ lórí ilé. Wẹ́tìẹ̀, ìyẹn dída bẹntiróòlù lé ènìyàn àti ilé kí wọ́n tó tanná sí i, ti bẹ̀rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ tí mo ń wí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wá sí pálọ̀ bàbá mi. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń gbọ́ wọn. Òórùn bẹntiróòlù ti gba ilé kan. Wọ́n ní ilé kejì ló kàn, wọ́n ní kí bàbá mi kó ẹrù wọn jìnnà sí ògiri. Mi ò gbọ́ kí bàbá mi ní kí wọ́n lọ. Mi ò sì gbọ́ kí wọ́n ní kí wọ́n má lọ. Ìró àga ni mo gbọ́, bí wọ́n ṣe dìde, tí wọ́n tún jókòó. Ìyá mi wà nílé ìdáná. Ìyá mi bọ́ bàtà, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n lọ kan fèrèsé ìyàwó ilé wọn, obìnrin tí wọn kò kí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀: "Kó àwọn ọmọ. Ẹ gba ọ̀nà oko. Ẹ má tanná." Èmi ni mo gbé àbíkẹ́yìn wọn dé ẹ̀yìn odi. Ó ń sùn léjìká mi, kò mọ nǹkan kan.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé Bàbá Kékeré ti di eérú. Ògiri kan náà ló wà láàárín, iná kọjá rẹ̀: yàrá tí bàbá mi kó àpò kòkó ọdún yẹn sí jó mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí bàbá mi má gbọ́. Wọn kò gbọ́. Ọkùnrin kan ní àdúgbò kejì kò rí ẹni tí yóò kan fèrèsé fún un. Ojú títì ni wọ́n ti da epo lé e lórí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n pa Sàdáúnà ní Kàdúná, wọ́n gbé Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa ní Èkó, wọ́n sì pa òun náà. Ìlù dún ní ìlú wa. Àwọn ènìyàn rò pé ó parí. Ará Àríwá ní tirẹ̀ ka àwọn tó kú àti àwọn tí kò kú, ó ní Ìgbò ló ṣe é, ó sì dúró de ọjọ́ ẹ̀san.

Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni wọ́n fi ṣe gómìnà wa. Ọkàn mi kì í kúrò lórí rẹ̀. Láti 1960 ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń lọ sí Kóńgò lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tí agbègbè Katanga ní òun ń ya lọ tí orílẹ̀-èdè náà ń tú. Ibẹ̀ ni Fájuyì ti gba àmì-ẹ̀yẹ akọni Military Cross. Johnson Aguiyi-Ironsi, ará Ìlà-Oòrùn, ló ṣe olórí ọmọ ogun àjọ náà kẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n lọ bá ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn parí ìjà, wọ́n padà sílé. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, Ironsi ti di olórí ìjọba, ó sì jẹ́ àlejò Fájuyì ní Ìbàdàn. Àwọn sọ́jà tiwọn ló wá mú wọn. A gbọ́ pé Fájuyì kọ̀ láti yọwọ́ lọ́rọ̀ àlejò rẹ̀. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ọmọ Yorùbá kan bá ọmọ Ìgbò kú, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí Yorùbá ń jó ilé Yorùbá.

Mo wà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà yẹn. Ọmọ Ìgbò ló ń kọ́ wa ní ìṣirò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rẹ̀ ní Àríwá, ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní bí nǹkan bá rọlẹ̀ òun á padà wá parí iṣẹ́ tí òun bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, kéde pé agbègbè náà ti ya kúrò lára Nàìjíríà, ó pè é ní Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra ti dé Ọ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ wa níbí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970 ló parí, ọdún mẹ́rin géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n pa Akíntọ́lá. Mi ò gbúròó olùkọ́ náà mọ́.

Bàbá Kékeré padà wálé lẹ́yìn rògbòdìyàn, wọ́n kọ́lé sí òdìkejì ìlú. Níbi ìsìnkú bàbá mi, ẹ̀yìn èrò ni wọ́n dúró sí, kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá síwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó kan fèrèsé. Títí ìyá mi fi kú, gbogbo Ọdún Àjíǹde ni Bàbá Kékeré ń fi owó rán mi sí wọn, wọ́n á ní kí n má dárúkọ ẹni tó fi rán mi. Ìyá mi kò béèrè rí.

Ẹni tó bá sọ fún mi pé ẹ̀yà ló ń fọ́ orílẹ̀-èdè, mo máa ń bi í pé ẹ̀yà wo ló fọ́ agbo ilé wa. Èdè wa kan, òrìṣà àwọn bàbá wa kan, ibojì wọn wà nínú àgbàlá kan. Ohun tó fọ́ wa ni pé owó orí, kóòtù, ọlọ́pàá àti ìbò kíkà bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà kò sì ní ibi tí yóò mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, yóò wá ìlà tí yóò fi pín yín, yálà ẹ̀yà, ìlú tàbí ìdílé. Ní ìbò gómìnà Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n lé àwọn ènìyàn kúrò níbi ìdìbò nítorí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ Yorùbá. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń pè fún orílẹ̀-èdè Yorùbá, àti ẹ̀yin tí ẹ ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ tú, ìbéèrè kan náà ni mo ní fún yín. Nínú ìjọba tí ẹ fẹ́ kọ́, ọmọ Yorùbá tó bá dìbò lòdì sí yín, ta ni yóò díwọ̀n owó orí rẹ̀? Kóòtù wo ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Ta ni yóò ka ìbò rẹ̀, ọlọ́pàá wo ni yóò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lóru? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó rán àsíá.